Ẹyẹ Tí A Gbọ́, Ẹyẹ Tí A Rí

Ẹ kú ọdún o, ẹ̀yin òǹkàwé mi. Ọpẹ́ ni fún Ẹni tí kì í jẹ́ kí ebi pa ológoṣẹ́, tí ó sì jẹ́ kí èmi àti ẹ̀yin tún pàdé láàyè.

Abẹ́rẹ́ gún télọ̀ lọ́mọ ìka. Bọ́tìnnì aṣọ tó fẹ́ wọ̀ lọ sí ìsìn ọdún tuntun ló ń rán, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò sí lára aṣọ. Ìwé kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ ló ń wò, níbi tó kọ ohun tó fẹ́ ṣe lọ́dún náà sí: "Ọgọ́rùn-ún ẹyẹ." Ó ronú díẹ̀, ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, ó sì fi kún un: "Kí n ṣáà ti ju Ojú Àṣá lọ."

Ojú Àṣá ni wọ́n ń pe àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì. Télọ̀ ló kọ́ ọ ní ẹyẹ wíwò. Òun ló fi hàn án bí a ṣe ń mọ àwòdì yàtọ̀ sí àṣá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí oríṣi ẹyẹ jù lọ nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń wo ẹyẹ tí wọ́n jọ wà ló ń tọ́jú awò ńlá ẹgbẹ́, èyí tí ń fa ohun òkèèrè súnmọ́ ojú, fún odidi ọdún kan, ọdún mẹ́ta gbáko sì ni awò náà ti wà lọ́wọ́ àbúrò. Lọ́dún tó kọjá, nọ́ọ̀sì rí mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún, télọ̀ rí mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún. Ẹyẹ kan péré! Ó há a lọ́fun bí egungun ẹja.

Nígbà tí ìjọ ń kọrin ọpẹ́, ẹnu télọ̀ ń kọrin, ọkàn rẹ̀ ń ka ẹyẹ.

Lẹ́yìn ìsìn, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò jọ gba ọ̀nà etí adágún lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́.

"Ológoṣẹ́ rèé, ẹ̀gbọ́n mi," ni nọ́ọ̀sì ń wí. "Ẹ gbọ́, àdàbà nìyẹn."

Lékeléke kan dúró lórí òkúta níwájú wọn gan-an, ó funfun báláú, kò sì dún. Nọ́ọ̀sì ń bá tirẹ̀ lọ.

"Kí lo rí níbẹ̀ yẹn?" ni télọ̀ bi í.

"Níbo? Ṣebí omi ni."

Télọ̀ dúró sójú kan. Gbogbo ẹyẹ tí àbúrò rẹ̀ ti dárúkọ láti àárọ̀ ló dún kó tó dárúkọ wọn. Ìròyìn ò tó àfojúbà: òfin kìíní ẹgbẹ́ nìyẹn. Ẹyẹ tí a gbọ́ tí a kò rí, a kì í kọ ọ́ sílẹ̀. Àṣé etí ni eléyìí fi ń ka ẹyẹ! Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni toníǹkan. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó bà á lẹ́rù.

Àwọn mẹ́fà ló jókòó ní yàrá ìpàdé. Tíṣà àgbà, tó ti fẹ̀yìn tì, ló ń kọ èrò ọdún kálukú sílẹ̀.

"Ogójì ni tèmi," ni alápatà wí.

"Kò kan adìyẹ tó o pa o," ni tíṣà dáhùn. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Télọ̀ dìde. "Mo ní ọ̀rọ̀ kan."

"Jókòó ná, àbúrò rẹ ló kàn," ni tíṣà wí.

Nọ́ọ̀sì dìde. "Méjìlá ni tèmi."

"Ìwọ Ojú Àṣá?" ni alápatà ké. "Ṣé ojú náà ń gbààwẹ̀ ni?"

"Kí n rí méjìlá. Rí o, mi ò sọ pé kí n gbọ́." Ó gbé awò ńlá náà sórí tábìlì. "Láti oṣù kẹfà ni ojú mi ti ń ṣú. Wọn ò jẹ́ kí n gún abẹ́rẹ́ fún aláìsàn mọ́. Ó ń tì mí lójú láti sọ ni. Ogún ẹyẹ inú ìwé mi, ohùn wọn ni mo kọ. Ẹ pa wọ́n rẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ló ni awò."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n gbé awò lé télọ̀ lọ́wọ́. Ó wúwo ju bó ti rò lọ. Ẹ̀sùn tó ti tò sẹ́nu di omi, ó gbé e mì. Kódà, ó ń jowú bí àbúrò rẹ̀ ṣe yọ̀ǹda awò náà tọ̀yàyàtọ̀yàyà.

Nọ́ọ̀sì na ọwọ́ sẹ́yìn, ó fi ń táràrà wá àga kó tó jókòó.

Télọ̀ mọ ọwọ́ yẹn. Lọ́jọ́ Ìsinmi gbogbo, nídìí oúnjẹ, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ náà ṣe ń rìn lórí tábìlì lọ bá ife, rọra, rọra. Fáàrí ni télọ̀ pè é. Odidi ọdún kan ló fi ń wo ìwé àbúrò rẹ̀ lábẹ́lẹ̀, láti ojú ewé dé ojú ewé, kò sì wo àbúrò náà rí.

Ó gbé awò sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì di ọwọ́ náà mú.

Ẹ̀yin tí ẹ kà á dé ibí, ojú yín kò ní ṣú. Ọdún yìí á yabo fún yín, ẹ̀yin àti àwọn ènìyàn yín ni ẹ ó sì jọ rí òpin rẹ̀ láyọ̀. Àmín.