Ẹ̀rọ Kan fún Gbogbo Ọwọ́

Ọ̀jẹ̀túndé wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń yí bọ́tìnnì ẹ̀rọ tó wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó yí i sí ọ̀tún, ó dá a padà díẹ̀.

"Tún un ta."

Yẹ̀kínnì ta okùn gìtá rẹ̀. Awwal wọlé pẹ̀lú dírọ́ọ̀mù, Múyìwá tẹ píánò. Kò pẹ́ tí gìtá Yẹ̀kínnì fi sáré kọjá orin wọn. Múyìwá gbé ọwọ́ sókè, gbogbo wọn dákẹ́.

"Dádì, ẹ tún ti ń sáré."

"Èmi?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

Ìgbà kẹfà nìyẹn láàárọ̀ ọjọ́ náà, nínú yàrá tí wọ́n ti ń dánra wò ní Yaba. Múyìwá ló ni ẹgbẹ́. Ó fi ọgbọ̀n ọdún kéré sí àwọn bàbá méjèèjì, Ọ̀jẹ̀túndé àti Yẹ̀kínnì, ṣùgbọ́n orin àtijọ́ ló fẹ́ràn, ìdí nìyẹn tó fi wá wọn kàn. Lọ́jọ́ Sátidé wọn yóò ṣeré ní gbọ̀ngàn ńlá kan ní Sùúrùlérè. Ó ti sọ ọ́ lánàá, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: bí gìtá Yẹ̀kínnì kò bá bá ìlù mu lónìí, òun yóò pe Ọmọ́táyọ̀, ọ̀dọ́mọdé kan tó mọ gìtá ta, láti rọ́pò rẹ̀.

Kò sí áńpù, àpótí tó ń gbé ohùn gìtá sókè, kankan nílẹ̀ yàrá yẹn. Olúkúlùkù ló ki íápíìsì bọ etí. Gìtá á wọ inú ẹ̀rọ kékeré kan tí kò tóbi ju Bíbélì lọ, ẹ̀rọ náà á sín ohùn áńpù jẹ, ohùn á sì gba inú wáyà lọ sí etí. Ohùn igba áńpù ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀. Ọ̀jẹ̀túndé ló mú un wọ ẹgbẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹ̀yìn rẹ̀ kò gba ẹrù mọ́. Nọ́ńbà kẹtàdínlógójì nínú ẹ̀rọ náà sì dùn létí rẹ̀ ju áńpù èyíkéyìí tó ti tún ṣe láti ogójì ọdún ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Àgùdà. Orí ìka ló fi ń ta gìtá, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó ra méjì. Ó fi ti Yẹ̀kínnì náà sórí nọ́ńbà kẹtàdínlógójì.

Àtàǹpàkò ni Yẹ̀kínnì fi ń ta tirẹ̀, bí ẹni ń fa omi kànga. Ọ̀jẹ̀túndé mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò rò ó.

Lónìí wọ́n ti gbìyànjú nọ́ńbà tó lé ní ogójì. Òmíràn han gooro. Òmíràn, bí àtàǹpàkò bá ti ba okùn, ohùn rẹ̀ á fọ́. Èyí tó bá dùn mọ́ Ọ̀jẹ̀túndé nínú, Yẹ̀kínnì á ní kò sí nǹkan níbẹ̀.

"Kí ni kò sí níbẹ̀?"

"Mo ní kò sí nǹkan níbẹ̀. Kí ni kí n tún wí?"

"Igba ló wà níbẹ̀, Yẹ̀kínnì. Kò sí èyí tó tẹ́ ẹ lọ́rùn?"

"Ẹ fi Bàbá sílẹ̀," Awwal wí. "Ìyàwó ni wọ́n ń ṣà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀.

Yẹ̀kínnì bọ́ bàtà ọ̀tún. Ó na ẹsẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ó ń fi gìgísẹ̀ wá nǹkan kan. Kò rí i. Ó fa ẹsẹ̀ padà. Lẹ́yìn náà ló sáré.

Ọ̀jẹ̀túndé mọ ẹsẹ̀ yẹn. Ibi yòówù tí wọ́n bá ti ń ṣeré, Yẹ̀kínnì á bọ́ bàtà, á gbé gìgísẹ̀ ti áńpù onípákó rẹ̀. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà èwe wọn. Ọ̀jẹ̀túndé kò bi í ìdí. Yẹ̀yẹ́ ló fi ń ṣe: "Ọmọ Mushin, áńpù kì í ṣe àpótí ìtìsẹ̀ o." Yẹ̀kínnì náà á rẹ́rìn-ín.

Ọ̀jẹ̀túndé dìde. Ó bọ́ sí apá ọ̀tún ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó yọ íápíìsì kúrò ní etí ọ̀tún Yẹ̀kínnì, ó pe orúkọ rẹ̀. Yẹ̀kínnì kò yíjú. Ó tún pè é.

Ó fọwọ́ kàn án léjìká. "Láti ìgbà wo?"

Yẹ̀kínnì wò ó. Kò díbọ́n.

"Ọ̀tún ti tó ọdún mẹ́jọ. Òsì ń tẹ̀lé e bọ̀."

"O ò sọ fún mi."

"Ta ló ń pe adití sídìí orin? Ẹsẹ̀ ni mo fi ń gbọ́, Ọ̀jẹ̀. Áńpù yẹn á máa gbọ̀n, èmi á sì mọ ibi tí mo dé."

Múyìwá ti dìde nídìí píánò.

"Áà, Dádì! Ṣé ohun tó wà ńbẹ̀ nìyẹn? Áńpù yẹn ńkọ́? Ẹ gbé e wá, ká gbé e tì yín lọ́jọ́ Sátidé. Kí Bàbá Ọ̀jẹ̀ máa lo tiwọn."

Ojú Yẹ̀kínnì là. "Ó wà lọ́wọ́ Ọ̀jẹ̀. Mo ní kó bá mi fi í pamọ́ nígbà tí ẹ̀rọ yìí dé."

Òótọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló wí. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ Ọ̀jẹ̀túndé, áńpù tí kò sẹ́ni tó ń lò ó, inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ ohun tí wọ́n fi ń wo àwọn yòókù sàn, nítorí irú ẹ̀yà bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀ lọ́jà mọ́.

"Mo ti tú u."

"O tú u?"

"Sípíkà rẹ̀ ti lọ sí Ìlọrin. Tiransífọ́mà rẹ̀, mo fi sínú ti ẹlòmíràn, ó jó. Mo rò pé o ò ní lò ó mọ́."

Múyìwá sáré gbé sípíkà oníke kan wá láti yàrá kejì. Yẹ̀kínnì gbé gìgísẹ̀ tì í, ó ta okùn kan, ó dúró, ó ta òmíràn. Ó mi orí: ike kì í gbọ̀n bí pákó. Ó wọ bàtà rẹ̀. Okùn bàtà náà gbà á lásìkò.

"O ní igba ló wà nínú eléyìí."

"Igba ni."

"Ẹyọ kan ni tèmi."

Kò bínú sọ ọ́. Ó kó gìtá sí àpò, ó dágbére fún Awwal àti Múyìwá, ó sọ̀ kalẹ̀. Múyìwá wo ilẹ̀ díẹ̀. Ó mú fóònù, ó pe Ọmọ́táyọ̀.

Nírọ̀lẹ́, Ọ̀jẹ̀túndé ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Fáànù wà lórí àpótí áńpù Yẹ̀kínnì, níbi tó gbé e lé. Ó sọ fáànù kalẹ̀. Ó fa àpótí náà sẹ́nu ọ̀nà, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ó bọ́ bàtà, ó gbé gìgísẹ̀ tì í. Pákó náà tutù.

Pákó mẹ́rin ló kù nínú áńpù Yẹ̀kínnì. Lára ọ̀kan nínú wọn, ọ̀dà dúdú ti họ ní ìwọ̀n gìgísẹ̀ kan.