Ẹ̀rín Olóhùn-Iyọ̀ Nínú Fídíò

Àwọn tó ń ṣe àwo fídíò ló ní kí Olóhùn-Iyọ̀ wá wo ara rẹ̀. Wọ́n fẹ́ kó gbogbo orin tó ti kọ lórí tẹlifíṣọ̀n, láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ títí irun orí rẹ̀ fi funfun, sínú àwo kan tí èèyàn lè rà lọ wò nílé. Láàárín orin kan sí èkejì, òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa sọ bí nǹkan ṣe rí nígbà náà. Kò kọ́kọ́ fẹ́ lọ. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń bá a bójú tó iṣẹ́ orin, ló rọra tì í wọ mọ́tò bí ẹni gbé ẹyin.

Yàrá tí wọ́n ti ń gé fídíò kò tóbi ju ilé ìdáná lọ. Ẹ̀rọ amúlétutù ń kán omi sínú ike kan ní kọ̀rọ̀, aṣọ dúdú bo fèrèsé. Agéfídíò, ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tó ń pe gbogbo àgbà obìnrin ní "Mọ́mì", gbé gbohùngbohùn síwájú Olóhùn-Iyọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwòrán hàn án.

Olóhùn-Iyọ̀ ń wò. Ọmọge kan ń jó lórí tẹlifíṣọ̀n, ìdí ń yí, eyín ń dán. Ó mọ̀ pé òun ni, ṣùgbọ́n bí ẹni ń wo ọmọ aládùúgbò ló ṣe ń wò ó. Kò dùn ún, kò sì dùn mọ́ ọn. Ó dà bí ìgbà tí oníṣègùn eyín bá ti gún èèyàn lábẹ́rẹ́ tán: o mọ̀ pé ètè rẹ wà níbẹ̀, àmọ́ bí o bá gé e jẹ, o ò ní mọ̀.

"Mọ́mì, kí lẹ rántí nípa eléyìí?"

"Bàtà yẹn ga. Òun ni mò ń rò títí orin fi parí."

Agéfídíò rẹ́rìn-ín. Ọmọ Olóhùn-Iyọ̀ ò rẹ́rìn-ín.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹnu yín tó dùn nì sọ ọ́. Àwọn tó máa rà á fẹ́ gbọ́rọ̀."

"Ẹnu tó dùn wà nínú fídíò. Èyí tí mo gbé wá nìyí."

Orin ń kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá, agéfídíò fa àga rẹ̀ sún mọ́ tábìlì bí ẹni fẹ́ bu ẹran tó ti fi pamọ́ sísàlẹ̀ ìkòkò.

"Eléyìí ni mo fẹ́ fi ṣáájú gbogbo ẹ̀. Ẹ wo ojú yín, Mọ́mì. Ẹ wo ayọ̀."

Obìnrin inú tẹlifíṣọ̀n wọ aṣọ aláwọ̀ ewé. Ẹ̀rín gba gbogbo ojú rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí àwọn èrò, ohùn rẹ̀ gòkè, kò sì mì.

"Ọjọ́ tí ìyá mi kú nìyẹn," ni Olóhùn-Iyọ̀ wí.

Agéfídíò dá àwòrán dúró.

Ó sọ ọ́ fún wọn bí ẹni júwe ọ̀nà fún àlejò. Tẹlifóònù kan wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n nígbà náà. Wọ́n ní kó wá gbọ́ ọ, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló ń pè. Kò ju "Ìyá ti lọ" tí ọmọkùnrin náà sọ tí ẹkún fi gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ètò ọjọ́ náà kì í ṣe èyí tí wọ́n ń gbà sílẹ̀ de ọ̀la. Bó ṣe ń lọ ni àwọn èèyàn ń wò ó nílé. Atẹdùùrù rẹ̀ wo ojú rẹ̀, ó ní, "Ṣé kò sí wàhálà?" Ó ní kò sí. Wọ́n pè é, ó jáde, ó kọrin.

"Ìyá mi ló rán aṣọ yẹn. Aṣọ náà fún mọ́ mi lábíyá. Ìyá ní kí n gbé e wá kí òun tú u díẹ̀, mi ò ráyè. Gbogbo ìgbà tí mo ń gbé ọwọ́ sókè yẹn, ó ń há mi."

"Ṣé ẹ padà sunkún?" ni agéfídíò bi í.

"Mo ń dúró dè é."

Níbi ìsìnkú, àwọn ẹbí ní akíkanjú obìnrin ni. Kì í ṣe ìgboyà, ẹkún ni kò wá. Ó rò pé tí wọ́n bá sin òkú tán, ẹkún á dé. Ó rò pé tí òun bá ti ibi tí òun ti lọ ń kọrin kiri dé, á dé. Ọdún ń gorí ọdún, kò dé, àwọn nǹkan mìíràn náà sì bá a lọ: ayọ̀, ìbínú, bí oúnjẹ ṣe máa ń wu èèyàn jẹ. Ohùn nìkan ló kù, òun ló sì ń bọ́ ilé.

"Ẹ ò sọ fún mi rí," ni ọmọ rẹ̀ wí.

"O ò tíì dáyé. Nígbà tí o dáyé, ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nílẹ̀."

Agéfídíò họ irùngbọ̀n. "Mọ́mì, ṣé kí n yọ ọ́?"

"Fi í sílẹ̀. Orin náà ò ṣẹ ẹnikẹ́ni."

"Ṣé a lè gba ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀, bí ẹ ṣe sọ ọ́?"

Olóhùn-Iyọ̀ sọ ọ́ sínú gbohùngbohùn. Nígbà tó parí, agéfídíò ní ó dáa, àmọ́ kó tún un sọ, kí ohùn rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, kí ẹni tó ń gbọ́ lè mọ̀ pé ó dùn ún. Ó tún un sọ. Kò yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Bí ọkùnrin náà ṣe tún fẹ́ la ẹnu, ọmọ obìnrin náà dìde, ó sì gbé gbohùngbohùn kúrò níwájú ìyá rẹ̀.

"Ó ti tó. Bó ṣe sọ ọ́ ni kẹ́ ẹ lò."

Ní ìta, ó fara ti ògiri, ó bú sẹ́kún. Ìyá rẹ̀ gbá a mọ́ra, ó ń fọwọ́ gbá a lẹ́yìn jẹ́jẹ́. Ó mọ̀ pé èjìká ọmọ náà gbóná, ó mọ̀ pé omijé ń rin aṣọ òun. "Pẹ̀lẹ́," ló ń sọ, bí èèyàn ṣe ń kí ẹni tó fẹsẹ̀ kọ lójú ọ̀nà. Ó wá inú ara rẹ̀ wò bóyá nǹkan kan á dìde. Kò sí. Wọ́n wọ mọ́tò, wọ́n lọ sílé.

Àwo náà jáde, ó sì tà. Nílé ìtajà òògùn, obìnrin kan tí kò mọ̀ rí di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Màmá, ẹkún ni mo sun títí." Olóhùn-Iyọ̀ ní kó máà sunkún mọ́, pé ó ti pẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí níbi gbogbo tó bá yà sí. Ó wá di pé ẹni ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ló ń rẹ àwọn tó wá kí i lẹ́kún.

Ọmọ rẹ̀ ò wo àwo náà. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, ó bá ìyá rẹ̀ níbi tó ti ń ká aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ, ó jókòó tì í.

"Màmá, irú èèyàn wo ni ìyá yín?"

Kò sẹ́ni tó bi í bẹ́ẹ̀ rí. Ó gbé aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Tó bá ń ránṣọ, á kó píìnì sẹ́nu, ẹnu yẹn náà lá sì máa fi bá mi wí. Mi ò ní gbọ́ ẹyọ kan. Mo ṣáà ń sọ pé, bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Kí ló tún máa ń ṣe?"

Omijé kò wá, àyà rẹ̀ kò sì yọ́. Ṣùgbọ́n bó ṣe ní kóun dákẹ́, ọ̀rọ̀ mìíràn tún yọjú.

"Sún mọ́bí," ló wí. "Ọkùnrin aláṣọ kan wà tó máa ń rẹ́ ìyá mi jẹ lórí ọ̀pá tó fi ń wọn aṣọ. Jẹ́ kí n sọ ohun tó fojú ẹ̀ rí fún ọ."