Ibojì Gideon Nínú Igbó Kédárì

Ojú òbí kì í rí ibojì ọmọ. Bí wọ́n ṣe bá a nílẹ̀ ní Ìlọ́fà nìyẹn, ṣọ́ọ̀ṣì kò sì yí i padà. Bí ọ̀dọ́ bá kú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò sin ín. Bàbá àti ìyá yóò wà nínú yàrá, ilẹ̀kùn á wà ní títì. Ìdí nìyí tí Adéyẹyè fi dúró gbagidi létí afárá tó wọ inú igbó ìsìnkú òkè Kóyà, ní ilẹ̀ Jàpáànù, tí kò gbé ẹsẹ̀.

Òun fúnra rẹ̀ ló ní òun fẹ́ wá. Gideon, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí, ló ń ṣiṣẹ́ ní Jàpáànù, tó sì fẹ́ Hana, ọmọ ibẹ̀. Àìsàn kúkúrú kan ló mú un lọ. Àwọn àna sun òkú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn, wọ́n sì gbé eérú rẹ̀ sí ilẹ̀ ẹbí wọn nínú igbó yìí, níbi tí àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ti ń sin òkú láti ayébáyé. Láti ìgbà tí ìròyìn ti dé, Adéyẹyè kò sunkún. Inú rẹ̀ dà bí ẹsẹ̀ tí pajápajá mú: èèyàn mọ̀ pé ẹsẹ̀ òun ni, ṣùgbọ́n bí wọ́n já a léèékánná, kò ní mọ̀.

Ṣubúọlá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ti kìlọ̀ fún un kó tó kúrò nílé. "Lọ kí ìyàwó ọmọ rẹ. Jẹ oúnjẹ wọn. Ṣùgbọ́n ojú rẹ kò gbọdọ̀ rí ibẹ̀, o gbọ́?"

"Bàbá," ni Keziah ọmọbìnrin rẹ̀ tó bá a wá wí, bí Hana ti dúró dè wọ́n níwájú, "ṣé afárá lẹ wọ bàálù wá wò ni?"

"Ẹ̀yin ẹ máa lọ."

"Òtútù ibí kì í ṣe ọyẹ́ Ìlọ́fà o."

"Ọyẹ́ ló wò mí dàgbà."

Àwọn igi kédárì tí òun ti ń gbọ́ nípa wọn nínú Bíbélì láti kékeré ló dúró yí wọn ká, wọ́n ga ju ilé agogo ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Ó wò wọ́n. Wọn kò ṣe é ní nǹkan kan.

Nígbà náà ló rí ìyá arúgbó kan tó kúnlẹ̀ níwájú ère òkúta kékeré kan, tó ń nù ún lójú. Aṣọ pupa kékeré, irú èyí tí à ń so mọ́ ọmọ lọ́rùn kí itọ́ má baà ba àyà rẹ̀ jẹ́, ló wà lọ́rùn ère náà. Ìyá náà tú èyí tó ti ṣá, ó so tuntun.

"Kí ló ń ṣe?"

Keziah bi Hana ní èdè òyìnbó, ó sì yíjú padà. "Ọmọ rẹ̀ ló kú ní kékeré. Ó máa ń wá pààrọ̀ aṣọ rẹ̀."

"Òun tó bí i?"

"Òun náà ni, Bàbá."

"Kò ní àgbà nílé tí yóò kọ̀ fún un?"

"Bóyá gbogbo àwọn tó lè kọ̀ fún un ti wà nínú igbó yìí."

Adéyẹyè kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ìyá náà títí tó fi dìde, tó gbọn erùpẹ̀ orúnkún rẹ̀ nù. Lẹ́yìn náà ó ṣí fìlà, ó kọjá afárá.

Wọ́n rìn díẹ̀. Hana dúró, ó tẹríba, ó nawọ́ sí ibojì náà. Kí ojú Adéyẹyè tó tẹ̀lé ọwọ́ náà, ó ti kẹ̀yìn síbẹ̀.

"Bàbá, ẹ yíjú sí i."

"Sọ fún Ṣubúọlá pé n kò rí i."

Ó rìn sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, Keziah dì í lápá, títí ọwọ́ rẹ̀ tó nà sẹ́yìn fi kan òkúta. Ó tutù.

"Kí ni wọ́n kọ sí i?"

"Èdè tiwọn ló wà lókè. Lábẹ́ rẹ̀, Gideon, Ìlọ́fà."

"Ṣé wọ́n kọ ọ́ dáadáa?"

Adéyẹyè tẹjú mọ́ igi tó wà níwájú rẹ̀, ìka rẹ̀ sì ń tọ lẹ́tà lẹ́yìn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí tó fi ka orúkọ náà tán.