Yàrá Inú Ọkọ̀ Ẹṣin

Ọmọ ọmọ mi, Ramlah, ló ń tọ́jú ẹṣin fún olówó kan ní Port Harcourt níbí. Wọ́n fẹ́ kó ẹṣin mẹ́ta lọ sí Ìbàdàn fún ìdíje, inú yàrá kékeré tó wà níwájú ọkọ̀ tó ń kó ẹṣin náà ni Ramlah yóò sì máa sùn. Ìyá rẹ̀, Àsàmáù, ọmọ tí mo bí, fárígá.

"Màámi, irin lásán ni yàrá yẹn. Ààrò ni. Ọmọ mi á ti jinná kí wọ́n tó dé Benin."

Ẹnu mi ló kó bá mi. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń rán tìmùtìmù àga ní Mile 3. Mo ní, "Fi yàrá yẹn sílẹ̀ fún mi. Wá dùbúlẹ̀ níbẹ̀ lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀. Bí kò bá ṣeé sùn, kí Ramlah jókòó sílé."

Ó ní ó dáa.

Mo pe Pius, káfíńtà. Ọwọ́ ọkọ mi olóògbé ló ti kọ́ṣẹ́, ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, àmọ́ bí inú bá ń bí i, Pidgin ló ń sọ. Ó ní ká wá pátákó funfun fífúyẹ́ tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n sínú páálí, ká fi bo ògiri kí ooru má bàa wọlé.

"Fóòmù kún ṣọ́ọ̀bù mi dé àjà, o ní kí n lọ ṣa ohun tí wọ́n kó dànù?"

"Mama, for this Port Harcourt, iron dey sweat o!"

"Jẹ́ kó làágùn. Ṣé ìyàwó ẹ ni?"

A ki fóòmù mọ́ ara irin, a kan pátákó pẹlẹbẹ lé e, mo sì fi lẹ́dà bò ó. Ó wuyì débi pé èmi náà fẹ́ kó lọ síbẹ̀.

Òjò rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Ní Ọjọ́rú, mo ní kí n dán an wò. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ há, ìdí mi kì í sì í ṣe kékeré. Èjìká ni Pius fi tì mí wọlé bí ẹni ń ti ọkọ̀ tó kú. Mo fẹ̀yìn ti ògiri, mo ń ṣe fáàrí. Nígbà tí mo dìde, omi ń kán nídìí ìró mi.

Pius lanu. "Mama, na piss be that?"

Ramlah rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Mo fọwọ́ kan ìdí mi, mo gbóòórùn ọwọ́ náà. Ẹni tó ti bí ọmọ mẹ́fà kì í búra pé òun ò tọ̀ sára. Àmọ́ omi irin tó dógùn-ún ni: irin ti làágùn, fóòmù mi sì ti mu gbogbo rẹ̀ yó. Pius ò sọ pé òun ti wí. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Ramlah rọra ní, "Ìyá àgbà, ẹ fi bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Màmá mi ò ní í mọ̀."

"Àyà ẹ máa mọ̀, bí ògiri bá bu, tí o ń fa òórùn rẹ̀ símú."

Mo mú ọ̀bẹ, mo fa iṣẹ́ ọwọ́ mi ya. Pius lọ tọrọ pátákó funfun lọ́wọ́ àwọn tó ń ta firíìjì. A nu irin náà gbẹ, a gé pátákó náà sí ìwọ̀n, a fi téèpù dí oríkèé rẹ̀, Pius sì lu ihò sókè kí atẹ́gùn lè máa jáde. Lẹ́dà ò tó mọ́. Mo lẹ búlúù mọ́ pupa, ògiri wá dà bíi ṣòkòtò mẹkáníìkì.

Lọ́jọ́ kejì, nínú oòrùn aago kan, Àsàmáù wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. A dúró síta. Ó pẹ́ kó tó jáde.

"Màámi, ògiri yìí mà burẹ́wà o."

"Ìyẹn kọ́ ni mo bi ọ́. Ṣé o làágùn?"

Ó nu iwájú orí, ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Díẹ̀."

Ojú Ramlah wálẹ̀.

"Yàrá tí mo ń sùn gbóná jù ú lọ," Àsàmáù sọ fún un. "Lọ di ẹrù ẹ. Kí o sì máa pè mí níbikíbi tẹ́ ẹ bá ti dúró."