Àyè Kan Ṣoṣo

Lọ́dún 1971, ọ̀sẹ̀ kan náà ni lẹ́tà yunifásítì Ìbàdàn tẹ olùkọ́ méjì lọ́wọ́ ní ilé ìwé kan n'Íléṣà. Wọ́n gba Ọlájùmọ̀kẹ́ láti wá kọ́ iṣẹ́ dókítà. Ní ti Raliat, wọ́n ní àyè ti kún, ṣùgbọ́n òun ni wọn yóò kọ́kọ́ pè bí ẹnì kan bá kọ̀ tí kò wá.

Ìtìjú ò jẹ́ kó sọ ọ́. Ó kàn wí fún Ọlájùmọ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé wọn ò gba òun; bàbá rẹ̀ nìkan ló sọ òótọ́ fún.

Ọmọ Òkè-Baálẹ̀ l'Óṣogbo ni Raliat. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú níbi ìrọbí, àtìgbà náà ni kò ti fẹ́ nǹkan mìíràn ju kó di dókítà lọ. Bó bá ti relé lọ́jọ́ Sátidé, bàbá rẹ̀, Mùtàlíbù télọ̀, á gbójú sókè lórí ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Àpìkẹ́, ṣé wọ́n ti pè ọ́?"

"Wọn ò tíì pè mí, Bàbá."

"Bí Ọlọ́hun bá fẹ́, wọ́n á pè ọ́."

Ní kíláàsì, bí aago kẹ̀kẹ́ akólẹ́tà bá ti dún lẹ́nu géètì, ṣọ́ọ̀kì ọwọ́ Raliat á dúró lójú pátákó.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọlé, Ọlájùmọ̀kẹ́ wọ yàrá táwọn méjèèjì jọ ń gbé, ojú rẹ̀ ti wú. Àfẹ́sọ́nà rẹ̀, Adéjọbí, ní òun ò lè dúró fún ọdún mẹ́fà. Bàbá rẹ̀ pàápàá fẹ́ kí ìgbéyàwó wáyé kí ọdún tó parí.

"Raliat, mo fẹ́ kọ̀wé sí wọn pé mi ò wá mọ́. Kí lo rí sí i?"

 Inú Raliat dùn débi pé ojú ara rẹ̀ tì í. Kò tiẹ̀ ní í pa irọ́ kankan. Kó ṣáà ti sọ pé, "Ohun tó bá wù ọ́ ni kí o ṣe," àyè náà á sì di tirẹ̀.

Dípò ìyẹn, ó bi í pé, "Ṣé ìwọ fúnra rẹ ló fẹ́ kọ̀ ọ́?"

Ọlájùmọ̀kẹ́ bú sẹ́kún. "Mo fẹ́ lọ! Ẹ̀rù wọn ló ń bà mí."

Raliat bá a nu omijé ojú rẹ̀. "Ó dáa. Ká jọ lọ bá bàbá rẹ."

Lọ́jọ́ Àìkú, tí Ògúnṣẹ̀yẹ, bàbá Ọlájùmọ̀kẹ́, ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Raliat kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó lọ. Àwọn tó béèrè pọ̀ bí eṣú, ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n mú."

Bàbá náà wò ó títí. "Ìwọ ńkọ́, ọmọ mi? Ta ló ń bá ìwọ bẹ̀bẹ̀?"

Raliat tún bẹ̀ ẹ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀, ó ní kí ọmọ òun máa palẹ̀ ẹrù mọ́.

Raliat ló bá a gbé àpótí dé gáréèjì. Mọ́tò ti lọ tipẹ́ kó tó rántí pé òun ṣì ń juwọ́.

Ọlájùmọ̀kẹ́ ń kọ̀wé sí i déédéé láti Ìbàdàn. Raliat á dá a lóhùn pẹ̀lú oríṣiríṣi ìbéèrè: báwo ni ọkàn ènìyàn ṣe wúwo tó lọ́wọ́? Ṣé lóòótọ́ ni òórùn oògùn kì í kúrò lára aṣọ? Ṣùgbọ́n kò sọ ohun tó wà nínú lẹ́tà tirẹ̀ lọ́jọ́ náà fún un rárá.

Ó tún ìdánwò àtiwọ yunifásítì Ìbàdàn ṣe, máàkì rẹ̀ ò tó. Lọ́dún kẹta, yunifásítì Ifẹ̀ gbà á láti kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ewéko. Bàbá rẹ̀ ṣe sàráà, gbogbo àdúgbò sì wá.

"Àpìkẹ́, ṣé inú rẹ dùn?"

"Inú mi dùn, Bàbá."

Òótọ́ ló sì sọ. Ó mọ̀wé n'Ífẹ̀, àwọn olùkọ́ fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ lọ́jọ́ mìíràn, bó bá ń ya iṣan ewé sínú ìwé, ọwọ́ rẹ̀ á dúró, á sì máa wo iṣan tó wà lẹ́yìn ọwọ́ ara rẹ̀.