Ó Kàn Án

"Wọ́n ní ibi tó ti ń fì í wò ni igi ẹ̀ ti..."

"Igi wo?"

"Igi tí wọ́n fi ń ti bọ́ọ̀lù náà sínú ihò. Ó fì í, ó fì í, igi kan bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù sún. Ọkùnrin yìí wo ọ̀tún, ó wo òsì, ló bá ṣe bí ẹni pé..."

"Háà! Kóòṣì? Kóòṣì tiwa yìí?"

"Rọra sọ̀rọ̀ o. Èmi ò sí níbẹ̀, ohun tí wọ́n sọ fún mi ni mo ń sọ. Àbí ẹlẹ́rìí wo lo tún ń wá lẹ́yìn ìyàwó ẹ̀? Ìyàwó ẹ̀ gan-an ló la ẹnu ní gbangba, ló ní..."

Lẹ́yìn kọ́tìnì tó pín ṣọ́ọ̀bù náà sí méjì, Aránṣọ wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń fi abẹ́rẹ́ ká etí aṣọ oníbàárà kan sókè. Abẹ́rẹ́ tó kù wà láàárín ètè rẹ̀. Òun ni ìyàwó tí wọ́n ń wí. Èèyàn lè sọ pé abẹ́rẹ́ ni kò jẹ́ kó fèsì, ṣùgbọ́n àwọn tó mọ̀ ọ́n mọ̀ pé bí kò tiẹ̀ sí abẹ́rẹ́ lẹ́nu rẹ̀, ibi tí èrò bá ti pọ̀ díẹ̀, obìnrin náà kì í sọ̀rọ̀. Oníbàárà tó dúró lórí àpótí wò ó láti òkè, ojú tì í fún un, ó wúkọ́. Ìta dákẹ́ lójijì. Lẹ́yìn náà ni ohùn méjèèjì jọ gbé e sókè bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé:

"Ẹ kú iṣẹ́ o! Ṣé ẹ wà nílé?"

Aránṣọ yọ abẹ́rẹ́ kúrò lẹ́nu. "Mo wà ńlé," ló dá wọn lóhùn.

Gọ́ọ̀fù ni ọkọ rẹ̀ ń kọ́ àwọn èèyàn, nínú ọgbà ńlá tó wà ní ìparí ìlú. Kóòṣì ni wọ́n ń pè é lójú. Lẹ́yìn rẹ̀, Bàbá Àfìwò. Ìdí ni pé kò sí ẹni tó kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò ní kọ́kọ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀lù, kó fi igi rẹ̀ gbá afẹ́fẹ́ lórí koríko, síwá sẹ́yìn, síwá sẹ́yìn, láìjẹ́ kí igi kan bọ́ọ̀lù, kí ọwọ́ lè mọ bí agbára ṣe máa tó kó tó ti bọ́ọ̀lù sí ihò. Ìdajì ọgbà gbà á gbọ́. Ìdajì yòókù ní ó ń fi ọjọ́ ṣòfò. Alága ẹgbẹ́, tó ti wa ọkọ̀ òfuurufú títí ó fi fẹ̀yìn tì, ló ṣáájú àwọn tó ń bú u.

"Ẹni tó mọ ilé kì í bèèrè ọ̀nà," Alága a máa sọ. "Wo ihò, wo bọ́ọ̀lù, gbá a. Kí ni afẹ́fẹ́ fi ṣe ọ́?"

"Ọ̀gá," Kóòṣì á dáhùn, "nígbà tí ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́, ṣé ẹ kì í tan ẹ̀rọ wò kí ẹ tó gbé wa lọ sókè ni?"

Gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n láti ìgbà ìdíje tó kọjá yìí, tí Kóòṣì gba ipò kìíní, ẹ̀rín ti tán. Òfin eré náà kò tilẹ̀ le. Bí igi bá ṣèèṣì kan bọ́ọ̀lù níbi tí èèyàn ti ń fì í wò lẹ́bàá ihò, kó sọ ọ́, kó dá bọ́ọ̀lù padà sí àyè rẹ̀, kó máa bá eré lọ. Kò sí ìyà kankan. Ẹni tó bò ó mọ́lẹ̀ ló dẹ́ṣẹ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé Kóòṣì bò ó mọ́lẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni ìgbìmọ̀ máa jókòó lé e. Bí wọ́n bá gbà pé òótọ́ ni, wọn ò ní jẹ́ kó kọ́ ẹnikẹ́ni mọ́, kò sì sí ọgbà míì tó máa gbà á. Ta ló máa fi ọmọ rẹ̀ sọ́wọ́ ẹni tó ń sún bọ́ọ̀lù?

Nígbà tí Aránṣọ délé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Kóòṣì wà lórí kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀, ó da ife kan dùbúlẹ̀ lẹ́bàá ògiri, ó di igi rẹ̀ mú. Kò gbá nǹkan kan. Kò gbójú sókè.

"Wọ́n ní o sọ pé, 'Ó kàn án,'" ló wí. "Ṣé o sọ ọ́ àbí o ò sọ ọ́?"

"Mo sọ ọ́."

Kóòṣì jókòó sí apá àga.

"Dádì, ẹ jẹ́ kí n sọ tán. Ìyàwó Oníṣègùn-eyín ló jókòó tì mí níbi ìdíje. Òun ló bi mí pé ta ló kàn. Ẹ̀yin ló kàn láti gbá bọ́ọ̀lù, mo wá ní, 'Ó kàn án.'"

"Ó kàn án." Kóòṣì pè é bí ẹni tó ń dárúkọ ẹni tó kù láti gbá bọ́ọ̀lù. Ó tún un pè bí ẹni tó ń sọ pé igi ti kan bọ́ọ̀lù. Ìkan náà ni. Ó rẹ́rìn-ín tí kò dénú. "Èdè tí bàbá wa fi sílẹ̀ fún wa náà rèé! Ṣé gbogbo ohun tó o sọ nìyẹn?"

Aránṣọ bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa bọ́ọ̀lù tó wà nílẹ̀. "Òun náà ni."

Òun nìkan kọ́. Gbólóhùn kan wà tó tẹ̀ lé e, èyí tó sọ láìronú, bí èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ bá ń ro ó. Ẹni tó bá gbọ́ gbólóhùn yẹn pẹ̀lú ti àkọ́kọ́ kò tún ní bi í pé "kàn" wo ló ń wí. Ó máa gba ọkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ó sì tún máa gún un níbi tí òun nìkan, ìyàwó rẹ̀, ti lè gún un. Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń sọ nípa ọkọ ẹni, ká má tiẹ̀ wá sọ níwájú Alága.

"Dádì," ó ní, ohùn rẹ̀ kéré, "ṣé kò kàn án lóòótọ́?"

"Ìwọ náà?"

"Ẹ má bínú."

"Mi ò rí i kó sún. Mo ti rò ó títí orí ń fọ́ mi. Tó bá sún, mi ò bá sọ ọ́, kí ló máa ná mi?" Ó dìde, ó gbé bọ́ọ̀lù kan kalẹ̀, ó fẹ́ fì í wò. Igi ò lọ síwájú. Ó dúró lẹ́yìn bọ́ọ̀lù bí ẹni pé ẹyin iná ló wà níbẹ̀. Ó fi fífì sílẹ̀, ó kàn gbá a. Bọ́ọ̀lù gba ẹ̀gbẹ́ ife kọjá, ó lu ògiri. "Ó ti tán," ó ní. "Ọwọ́ mi ti ń bẹ̀rù."

Ìyá Kóòṣì, tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn, wà ní yàrá kejì, ó ń ká aṣọ tó ti gbẹ. Nígbà tí Aránṣọ wọlé láti bá a ká a, ìyá àgbà náà kò wò ó.

"Mo bí i, mo mọ̀ ọ́n," ló ní. "Kò lè sún bọ́ọ̀lù. Ọmọ tó jẹ́ pé tó bá jí ṣúgà, òun náà ló máa wá sọ fún mi. Àmọ́ ìwọ náà, ó ti pẹ́ tí mo ti ń wò ọ́. O ò sọ tán."

"Mà?"

"Má pè mí ní 'mà' bí ẹni tí kò gbọ́. Èyí tó kù sí ọ nínú, ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, Màmá."

"Ṣé ó dun èèyàn?"

"Ó máa dùn ún gan-an."

"Ṣé ó máa yọ ọkọ ẹ nínú ọ̀ràn?"

Aránṣọ fi orí dáhùn. Ìyá àgbà fọwọ́ na aṣọ kan lórí itan. "Ẹnu ẹ ló kó bá a, ìyàwó. Ó lórí kunkun, ọmọ mi yẹn, kò sì fẹ́ràn kí wọ́n bá a wí. Ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ọjọ́ tí òótọ́ pa á." Ó ju aṣọ náà sí i. "Di apá kejì mú."

Lọ́jọ́ Ẹtì, kí wọ́n tó jáde nílé, Kóòṣì wọ aṣọ funfun rẹ̀ tán, ó dúró sáàárín pálọ̀.

"Jẹ́ ká fì í wò," ó ní. "Èmi ni Alága. Sọ ọ́ bó o ṣe máa sọ ọ́ níwájú wọn."

"Rárá, Dádì."

"Kí ló dé? O mọ̀ pé ojú àwọn èèyàn máa ń kó jìnnìjìnnì bá ọ. Lẹ́ẹ̀kan péré."

"Tí mo bá ti fì í wò nílé, ó máa dà bí aṣọ tí a rán wá. Wọ́n máa rí ojú òwú."

Kóòṣì wò ó bí ẹni tí wọ́n tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀. Ó mú kọ́kọ́rọ́ ilé, kò sì bá a jiyàn.

Yàrá ìpàdé tutù, ó ń rùn bí àga tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Àwọn ife ìdíje tò sínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì. Ìyàwó Oníṣègùn-eyín gbé báàgì lé itan, ó dì í mú bí ẹni tó wọ ọkọ̀ èrò. Òun ni Alága kọ́kọ́ bi.

"Mo bi í ní nǹkan kan, sà, mi ò rántí ohun tí mo bi í mọ́. Ó ní, 'Ó kàn án.' Ó tún sọ nǹkan nípa fífì. Mo rò pé ó ń sọ pé fífì yẹn ló jẹ́ kó kàn án. Àbúrò mi nìkan ni mo sọ ọ́ fún nílé. Mi ò mọ̀ pé ó máa dé ibi tó dé yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi."

Alága yíjú sí Aránṣọ. "Ìyàwó wa, mi ò pè ọ́ ní òpùrọ́. Ṣùgbọ́n bí eré bá kan èèyàn, ó kàn án nìyẹn. Bí igi bá kan bọ́ọ̀lù, ó kàn án náà nìyẹn. Ẹni tó wà nínú omi, tí wọ́n na igi méjì sí, èyí tó máa fà á jáde ló máa dì mú, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Kí ni mo máa fi mọ èyí tó o sọ? Kí sì ni ọ̀rọ̀ fífì tí obìnrin yìí gbọ́?"

Aránṣọ la ẹnu. Ó wo ọkọ rẹ̀, ó wolẹ̀.

"Alága, ẹ má fìyà jẹ ẹ́," ni Kóòṣì wí. "Ojú ń tì í ni. Ó ti sọ ọ́ fún mi nílé, mo sì gbà á gbọ́. 'Ó kàn án' nìkan ló sọ. Kò sí ọ̀rọ̀ fífì kankan níbẹ̀. Mo lè fi orúkọ mi búra."

"Orúkọ ẹ gan-an la ń yẹ̀ wò, Kóòṣì," ni Alága dáhùn. Ó fà síwájú lórí àga bí ẹni tó fẹ́ parí ọ̀rọ̀.

"Òun nìkan kọ́."

Kò sí ẹni tó kọ́kọ́ mọ ẹni tó sọ̀rọ̀, nítorí wọn ò mọ ohùn rẹ̀. Kóòṣì yíjú. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ojú rẹ̀ ń bèèrè nǹkan. Ó sì jọ pé ó rí ìdáhùn níbẹ̀, nítorí ó gbójú kúrò, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì lórí tábìlì.

"Sọ ọ́," ó ní.

"Bó ṣe jáde lẹ́nu ẹ gẹ́lẹ́," ni Alága wí. "Má fi kún un, má sì yọ nínú ẹ̀."

Aránṣọ dìde dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó ní kó dìde.

"Ó bi mí pé, 'Ta ló kàn?' Mo ní, 'Ó kàn án. Kó tètè gbá a jàre, ká lè máa lọ sílé. Láti àárọ̀ ló ti ń fì í wò, tó ń fì í wò, bí ẹni tí kò dá ara ẹ̀ lójú.'"