Orúkọ Ológbò Kuwahata

Bí ènìyàn bá fẹ́ rí ìjà Chizu, kó pè é ní Tizu. Ọ̀gá rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Kuwahata, ló kọ ọ́ gàdàgbà sórí bébà alẹ̀mọ́ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé ilé ìwádìí ní Tsukuba ní Japan, tó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ akoto funfun rẹ̀: TIZU. Bàbá náà kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ o. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láti fi lẹ́tà òyìnbó kọ èdè Japan nìyẹn, kò sì rí ìdí tí òun fi gbọ́dọ̀ yí padà torí pé gbogbo ayé yí padà. Ó ní ìró kan náà ni. Chizu ṣàlàyé títí ó fi sú u. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní tiwọn ò jẹ́ kó sú wọn. "Tizu, wá jẹun" ni ṣáá.

Iṣẹ́ tó gbé e débẹ̀ ni wíwọn ọjọ́ ayé mésónì kan. Mésónì ò lẹ́mìí, ṣùgbọ́n a máa ń bí i, ó sì máa ń kú. Ohun bíńtín méjì tí ojú ò lè rí ló so mọ́ra wọn. Ẹ̀rọ ńlá abẹ́ ilẹ̀ ló ń bí i. Kó o tó ṣẹ́jú, ó ti túká, àwọn ọmọ rẹ̀ náà ti túká, àwọn ọmọ-ọmọ ti ń sá kiri. Láti ibi tí wọ́n bí i sí dé ibi tó kú sí, kò ju kí ènìyàn to irun orí méjì mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ìrìn àjò yẹn ni Chizu fi ọdún mẹ́rin wọ̀n, lára àìmọye òkú, kó lè fi gboyè ọ̀mọ̀wé.

Àwọn onímọ̀ yìí ò gbẹ́kẹ̀ lé ojú ara wọn. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tó bá ti mọ iye tí àwọn aṣáájú rí, iye yẹn ni yóò máa wá títí yóò fi rí i. Nítorí náà, ọ̀gá á tẹ ọ̀rọ̀ àṣírí kan sínú kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà á fi ọ̀rọ̀ yẹn hun iye irọ́ kan, á pò ó mọ́ ìdáhùn gidi, kò sì sẹ́ni tó máa mọ òótọ́. Ọjọ́ tí iṣẹ́ bá parí, wọ́n á tẹ ọ̀rọ̀ náà níwájú gbogbo ènìyàn, irọ́ á yọ kúrò. Èèwọ̀ kan ló wà níbẹ̀: ohun tó bá jáde lọ́jọ́ náà ni wọ́n máa tẹ̀ jáde fún aráyé. Kò sí pé kò wù mí, ẹ jẹ́ ká tún un ṣe.

Oṣù kejì ni ọjọ́ náà bọ́ sí, ó ku díẹ̀ kí Kuwahata, tí gbogbo wọn ń pè ní Sensei, ìyẹn olùkọ́, fẹ̀yìn tì.

"Sensei, ọ̀rọ̀ wo lẹ fi pa á mọ́?" Odagiri ló béèrè, obìnrin tó wá láti yunifásítì mìíràn láti ṣe alága ìpàdé ọjọ́ náà, tí kì í rẹ́rìn-ín kó tó jẹun ọ̀sán.

Ojú ti bàbá. "Orúkọ ológbò mi ni. Shijimi."

Ẹ̀rín sọ. Ẹnìkan ní, "Ẹ̀yin náà! Ẹ fi ìṣáwùrú inú ọbẹ̀ sọ ológbò lórúkọ?"

"Bó ṣe kéré tó nìyẹn nígbà tí mo gbé e wálé."

Chizu tẹ ọ̀rọ̀ náà bí gbogbo ayé ṣe ń kọ ọ́, SHIJIMI. Ìdáhùn jáde. Mésónì rẹ̀ pẹ́ láyé ju iye tí gbogbo àgbáyé ti wọ̀n lọ, ní ìlọ́po méjì.

Ẹnìkan ní ẹ̀yìn ní, "Hẹ̀ẹ́n! Tizu ti jí òkú!"

Kò pa Chizu lẹ́rìn-ín. Bí èyí bá jáde pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, ibi gbogbo tí wọ́n ti mọ mésónì ni wọ́n ti máa fi í ṣe ẹlẹ́yà, oyè sì di àlá.

"Òfin lòfin," ni Odagiri wí. "Ohun tó jáde ti jáde."

Chizu gbójú sí ẹ̀gbẹ́ kan kó má baà sunkún níwájú wọn. Ara ògiri ló gbójú sí, níbi tí akoto rẹ̀ kọ́ sí. TIZU. Ó fò dìde.

"Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà! Sensei, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ orúkọ ológbò yín sára pátákó, bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ yẹn."

"Ṣé o rò pé mi ò mọ orúkọ ológbò mi kọ ni?"

"Ẹ mọ̀ ọ́n kọ, Sensei. Bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n kọ gan-an la fẹ́ rí."

Odagiri gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ dúró ná. Ṣé a ó wá máa pààrọ̀ orúkọ ológbò títí a ó fi rí èyí tó dùn mọ́ wa ni?"

"Rárá, mà. Ìdí tí mo fi ní kó kọ ọ́ nísinsìnyí nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó máa mú jáde. Bó bá kọ ọ́ bíi tèmi, ẹ tẹ èyí jáde. Orúkọ mi ni kẹ́ ẹ fi síwájú."

Kò kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Odagiri wò ó, ó wo àwọn tó jókòó, wọ́n gbà. Kuwahata gbé gègé, inú ń bí i díẹ̀. Ó kọ S. Lẹ́yìn rẹ̀ ó kọ I.

Kó tó kọ lẹ́tà kẹta, ẹ̀rín ti bo gbogbo ilé. SIZIMI ló kọ, ó sì fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ bí olùkọ́. Kọ̀ǹpútà ò kúkú mọ ológbò. Ọ̀rọ̀kọ́rọ̀ tí o bá fún un, iye tirẹ̀ ló máa hun. Ẹni tó bá mọ ohun tí àmì bíńtín ń dá sílẹ̀ láàárín owó àti ọ̀wọ̀ kò ní bi mí pé kí ló burú níbẹ̀.

Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Mésónì náà kú nígbà tó yẹ kó kú. Kò sí òkú tó dùn mọ́ni tó bẹ́ẹ̀ rí. Chizu ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, Odagiri pàápàá rẹ́rìn-ín, oúnjẹ ọ̀sán ò sì tíì délẹ̀.

Nígbà tí àwọn ènìyàn túká, bàbá lọ dúró níwájú akoto. "Ọdún mẹ́rin. Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Mo sọ fún yín. Ọjọ́ kejì tí mo dé. Ẹ ní ìró kan náà ni."

"Ìró kan náà kọ́ ni?" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi èékánná họ etí bébà náà kúrò.

Chizu já akoto gbà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ fi sílẹ̀, Sensei! Nínú ìwé tí a máa tẹ̀ jáde, CH ni kẹ́ ẹ fi kọ mí. Lórí èyí, Tizu ni mí. Bẹ́ ẹ bá ti lọ tán, ta ni yóò tún kọ mí bẹ́ẹ̀?"

Bàbá fi àtàńpàkò tẹ etí bébà náà mọ́lẹ̀ padà, ó tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá pe Tizu, Chizu a dáhùn.